Ohùn Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi Ló Ń Pè Mí Ní Olólùfẹ́

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. N ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé wa: mo ti ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù! Mo ń yọ̀ ṣìnkìn!

Télọ̀ ni ọkọ mi. Kò lè sọ̀rọ̀. Àwòrán ló ń tẹ̀ lójú fóònù, fóònù á sì bá a sọ ọ́ jáde. Ṣùgbọ́n fóònù náà ò gbọ́ Yorùbá, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bá fi ohùn ara rẹ̀ ka gbogbo ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Bí ọkọ mi bá pè mí ní olólùfẹ́, ohùn ẹ̀gbọ́n ni mò ń gbọ́. Kí n má parọ́, mò ń jowú!

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ka tèmi rọ́pò. Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Ìyàwó, ohùn mi ló fi dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́. Ṣebí o gbà!" Ọkọ mi náà ń rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé èmi ni n ó wá máa pe ara mi ní olólùfẹ́ ni.

Lọ́jọ́ àríyá wa, ọkọ mi ni yóò fi mí han ẹbí. Ṣé ohùn obìnrin ni yóò pè mí ní "ìyàwó mi" lójú gbogbo ayé? Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n wá ọkùnrin tí yóò tún un kà, àbí kí n gbé owú mi mì?

Ẹ̀yin ẹbí mi tó ń gbọ́, ẹ má bínú. Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, kí gbogbo yín ti dé síbi àríyá náà.