Àpáta Tí Mo Ní Mo Gbọ́

Ṣábẹ̀ẹ́,
Ọjọ́ Ajé, nínú oṣù kejì.

Faïzatou ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun dáadáa? Ara ìyá rẹ yá. Èmi náà wà, àmọ́ ó rẹ̀ mí. Yóò yà ọ́ lẹ́nu pé ìwé ni mo kọ, tí n kò pè ọ́ lórí fóònù. Wàá mọ ìdí rẹ̀ kí o tó kà á tán. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, má rò pé ẹnì kan bá mi kọ ọ́. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà, síbẹ̀ ta ló fọ́ òkúta tó mi ní gbogbo Ṣábẹ̀ẹ́?

O mọ bí inú mi ti dùn nígbà tí fásitì yín kọ̀wé sí mi. Wọ́n ní àwọn ń kó àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ tuntun jọ, ẹ̀rọ tí a ó fi máa wa òkúta láì ba ilẹ̀ jẹ́, pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àgbà iṣẹ́ kan tí yóò máa tọ́ wọn sọ́nà, àti pé èmi lo dárúkọ. Mo fi ìwé náà han ímáàmù. Mo fi han obìnrin tó ń ta epo ẹ́sáńsì lẹ́bàá ọ̀nà. Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ní Plateau, àdúgbò wa níbí.

Ọjọ́ tí ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ méjì wá, ẹ gbé ẹ̀rọ yín tó ń gbọ́ inú òkúta lé àpáta ńlá tí mo fi pamọ́ fún àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí Ofè. Ẹ ní ó ti sán nínú lápá òsì, kí a má lu ihò síbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo fi òòlù kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, mo gbé etí lé e, mo ní, "Ó ń dún bí agogo. Ẹ lù ú níbí." O ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbọ́." Mo ní, "Ẹ̀rọ àná lásánlàsàn ni yóò wá kọ́ mi ní òkúta?" Mo dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ mi títí wọ́n fi lù ú tán. Àpáta fọ́ yángá, gbogbo rẹ̀ di wẹ́wẹ́. Mo ní ẹ̀rọ yín ló gbọ̀n ọ́n. Lórí ìwé tí fásitì ní kí n kọ èrò mi sí, mo kọ ọ́ pé: "Ẹ̀rọ náà kò gbọ́ nǹkan kan." Ẹkún lo sun wọ taasí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo débi iṣẹ́ ṣáájú àsìkò mi. Mo bá Théophile, olórí àwọn òṣìṣẹ́ mi, tó gbé etí lé òkúta, tó ń fi èédú fa ìlà sí i. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. "Pàtírọ́ọ̀, ẹ má bínú. Ó ti tó ọdún méjì tí ẹ kì í gbọ́ òkúta mọ́. Ibi tí ẹ bá nawọ́ sí, a ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Tí ẹ bá ti kẹ̀yìn, ibi tí mo fa ìlà sí la ó lù." Ọjọ́ tìrẹ nìkan ni n kò kẹ̀yìn, torí mo fẹ́ kí o rí mi.

Mo jókòó sórí òkúta. Ó rẹ̀ mí, Faïzatou. Èmi ti rò pé ohùn ladani ló ti lọ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bá a jà. Mo rò pé ìyá rẹ ló ń sọ̀rọ̀ sínú. Òòlù ogójì ọdún ló gba etí mi. N kò bá Théophile wí. Èmi ló kọ́ ọ níṣẹ́, mo sì kọ́ ọ dáadáa.

Ìwé fásitì tó kù sọ́wọ́ mi wà nínú èyí. Mo fa ìlà sórí ohun tí mo kọ tẹ́lẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni mo kọ: "Ẹ̀rọ náà gbọ́. Èmi ni kò gbọ́." Mo fọwọ́ sí i. Sáré mú un lọ, nítorí o ní bí kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn kí Jímọ̀ tó kọjá, wọn yóò yọ ẹgbẹ́ yín kúrò.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú tì ọ́ níbi tí mo ti dójú tì ọ́. Kí iṣẹ́ rẹ pẹ́ ju tèmi lọ.

Èmi ni bàbá tó bí ọ,
Lùkúmọ́nù.

Mo tún rántí: ẹ gbé ẹ̀rọ náà padà wá. Àpáta mìíràn wà fún mọ́ṣáláṣí Ofè, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Má pè mí lórí fóònù. Kọ̀wé, kí o sì kọ ọ́ gàdàgbà.