Afẹ́fẹ́ Wa Ti Mọ́ Jù

Nanay mi, ìyá mi àtàtà,

Dalisay yín ni. Mo ti sanra bí ẹlẹ́dẹ̀ ọdún, ṣòkòtò mi ló kàn ń fẹ̀ sí i.

Ṣé ẹ rántí pé a máa ń kọjú ọkọ̀ sí ẹ̀fúùfù, kí èéfín ẹ́ńjìnnì má baà ba afẹ́fẹ́ tí à ń wọ̀n lójú òkun jẹ́? Ẹ́ńjìnnì àti rédíò ti jọ gba ìsinmi láti ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn.

Ọ̀gá wa Ambrosio ní, "Afẹ́fẹ́ wa ò mọ́ tó báyìí rí!"

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ gbàdúrà kó dọ̀tí."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi sunkún.

Inú irinṣẹ́ ìwọ̀n wa tó ń léfòó lójú omi ni mo fi lẹ́tà yìí sí, torí òun nìkan ló lè kúrò níbí.

Ẹ bá mi kí ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fo ẹnikẹ́ni.