Dúró sí Mọ́sìkò, Victorin

Ifangni,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kejì, ọdún 1987.

Victorin, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ láti ilé baba rẹ. Mo gbà á ládùúrà pé òtútù ibẹ̀ kò pa ọ́ lára, pé oúnjẹ wọn sì ti ń bá ọ lára mu. Èmi wà lórí ẹsẹ̀ mi. Ìyá rẹ ń jẹun díẹ̀díẹ̀.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí. Kíláàsì kejì ni mo ti kúrò nílé ìwé, síbẹ̀ n kò bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi kọ lẹ́tà rí, bí n kò ṣe bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi kọ́ ilé. Sàdíátù elépo ni yóò gbé e gba ẹnubodè Igolo kọjá, yóò sì fi ránṣẹ́ láti Ìdíìrókò, nítorí wọ́n ń já lẹ́tà wò níhìn-ín.

Lóṣù tó kọjá, dẹlẹgé tí ìjọba fi ṣe olórí àdúgbò pe gbogbo àgbà jọ pé kí olúkúlùkù dìde sọ ohun tí ilé rẹ̀ mú jáde fún Rẹfọlúsọ̀n ìjọba. O mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èyí ní ẹ̀gẹ́, tọ̀hún ní àgbàdo. Ará Lagbé kan sọ̀rọ̀ ẹ̀wà títí oorun fi ń kùn wá. Nígbà tó kàn mí, mo ní, "Kamarádì, èmi mú ọmọ jáde. Ó wà ní Mọ́sìkò, ó ti gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì, ó tún ń kẹ́kọ̀ọ́ lé e lórí: ó pa ìmọ̀ ọrọ̀ ajé pọ̀ mọ́ ti òdínatọ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣírò ohun tí ẹgbẹ̀rún akọ̀wé kò lè ṣírò." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ǹ bá ti jókòó. Ṣùgbọ́n Raphaël alágbẹ̀dẹ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá Victorin, ṣé ẹ̀rọ yẹn á bá wa gbin ẹ̀gẹ́ ṣá?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo ní ẹ̀rọ yẹn ló fi hàn ọ́ pé iléeṣẹ́ epo ìjọba kò ní lè sanwó òṣìṣẹ́ mọ́ kí ọdún méjì tó pé, bí o ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí o wá fún ìsinmi fàkáǹsì. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọlọ́pàá jàǹdámù dé. Wọ́n bi mí pé ta ló tún gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ. Kí n tó lanu, Múyìwá àbúrò rẹ ti yọ láti yàrá, ó ní òun náà wà níbẹ̀. Òun ni wọ́n mú lọ. Wọ́n ní ọjọ́ tí o bá wálé wá jẹ́jọ́ ni àwọn yóò tú u sílẹ̀.

Mo wọ aṣọ òfì mi lọ sí Àjàṣẹ́, níbi tí wọ́n tì í mọ́. Èmi tí mo ti bá àwọn ọ̀gá ńlá jẹun rí, inú oòrùn ni wọ́n fi mí sí. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n rí Múyìwá, ojú rẹ̀ kan ti wú dí. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bá wọn jiyàn. Kí ẹ̀gbọ́n má wá. Wọn ò ní tú mi sílẹ̀. Ńṣe ni wọn yóò kàn di àwa méjèèjì mú."

Nítorí náà, mo pa á láṣẹ fún ọ: dúró. Má gba tíkẹ́ẹ̀tì àtiwálé lọ́wọ́ ẹ́mbásì wa. Bí wọ́n bá gé owó ẹ̀kọ́ rẹ, wá ọ̀nà dé Faransé, kí o sì parí rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan ní ẹnu mi ló fà á. Ẹni tó bí irú rẹ, ṣé abẹ́ agbọ̀n ló yẹ kó fi ọ́ pamọ́ sí? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iléeṣẹ́ epo bẹ̀rẹ̀ sí í san ìdajì owó fún òṣìṣẹ́. Òtítọ́ lo sọ. N kò rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ilẹ̀ àjèjì kò ní mọ́jú mọ́ ọ. Ìwé tí o ń kà kò ní di ẹrù sí ọ lórí. Ọlọ́run tó rí Múyìwá níbi tó wà yóò rí ìwọ náà.

Èmi ni baba rẹ tó ń fi ọ́ yangàn,
Jósẹ́fù Ọ̀ṣuntóyè.

Ó kù díẹ̀: Ìyá rẹ jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. O mọ̀ pé kò mọ̀wé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń sọ pé kí n kọ ọ́ pé kí o máa bọ̀ kíákíá, kí wọ́n lè tú Múyìwá rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní mo ti kọ ọ́. Ó ti dìde lọ gbálẹ̀ yàrá rẹ.