Táyà Inú Kọnkéré àti Ààbọ̀ Garawa Omi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Àpò táyà gígé mẹ́fà wọ ọgbà ilé ìwé lónìí. Àbígbẹ̀yìn mi ló kó wọn dé — ẹnjiníà ni, orí mi wú. Táyà tí ayé ti lò gbó, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ bí èékánná. Ó ní nínú ṣọ́bìrì òkúta márùn-ún tó yẹ kó wọ inú kọnkéré, kí a yọ ọ̀kan, kí táyà rọ́pò rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ogójì ọdún ni mo fi ṣe bíríkìlà. Òkúta nìkan ni mo mọ̀ ní ọ̀rẹ́ símẹ́ǹtì.

Ó ní, "Bàbá mi, ṣé ẹ ti rẹ́rìn-ín tán?"

Mo ní mo ti rẹ́rìn-ín tán, Ìyá Táyà. Orúkọ ti mọ́ ọn lórí nìyẹn.

Ohun tó fà á nìyí: lọ́dún tó kọjá, ọmọ kan ṣubú ní ọgbà eré yìí, ó fi eyín méjì sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé — obìnrin àtàtà, tó mọ orúkọ ọmọ gbogbo — ń fẹ́ ilẹ̀ tí yóò ṣàánú ọmọ díẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá yege kí oṣù kẹrin tó parí, iṣẹ́ di ti ọmọ mi. Bí kò bá yege, kọnkéré àtijọ́ ni wọn yóò dà. Ọdún mẹ́ta ló sì ti ń lé ọ̀rọ̀ táyà yìí kiri.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

A fọ táyà. Bẹ́ẹ̀ ni — a fọ̀ ọ́, a ṣàn án, a sá a. Bí epo bá wà lára rẹ̀, símẹ́ǹtì kò ní lè dì í mú. Adájọ́ kọjá (ìyàwó mi nìyẹn, ẹjọ́ kì í sú u). Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ mi, òun kò rí i kí n fọ abọ́ rí, àfi táyà. Mo mú táyà mìíràn, mo ń fọ̀ ọ́ lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

A po ti àkọ́kọ́. Ọkùnrin tí à ń pè ní Ariwo ló ń darí ẹ̀rọ ìpo-kọnkéré. A kò mọ̀ ọ́n sí orúkọ mìíràn, nítorí pé bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ kú, òun á ṣì máa pariwo. Òṣìṣẹ́ rere ni.

Àpòpọ̀ náà gan. Ṣọ́bìrì ń kérora nínú rẹ̀. Ìyá Táyà lọ dáhùn fóònù lẹ́yìn ògiri. Ọwọ́ mi — ọwọ́ ogójì ọdún, kò gba àṣẹ lọ́wọ́ mi — gbé garawa. Ààbọ̀ garawa omi. Ṣàà! Ó rọ̀, ó ń dán, ó wù mí. Mo ṣẹ́jú sí Ariwo. Ó ní, "Bàbá, àgbà ni yín!" Mo kà á sí ìyìn.

A dà á sínú àpótí irin mẹ́fà fún àyẹ̀wò. Táyà díẹ̀ léfòó sókè. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọlé padà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ọjọ́ keje pé. Ọkùnrin yàrá àyẹ̀wò, oníwà pẹ̀lẹ́, gbé mẹ́ta sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń fi agbára tẹ kọnkéré. Agbára wọn kò kan ìdajì ohun tí a ń retí. Ìyá Táyà wo èérún náà pẹ́.

"Bàbá mi, bóyá táyà àti òkúta kò tilẹ̀ lè jọ gbé."

Ó ní bó bá di ọjọ́ Ajé, òun yóò lọ sọ fún ọ̀gá ilé ìwé pé òun ti jọ̀wọ́ iṣẹ́ náà.

Èmi tí wọ́n ń pè síbi gbogbo láti wá sọ̀rọ̀ — mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá èérún jọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Oúnjẹ ń há mi lọ́fun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Adájọ́ pe ẹjọ́. "Olówó orí mi, kí lẹ jẹ tí ẹ kò lè gbé mì?"

Mo jẹ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó sí. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ le. Ó ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. "Ẹ gbé igbá yín. Kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀la."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo gbé igbá mi.

Mo bá Ìyá Táyà láàárín ìwé ìṣirò, ó tẹ́ wọn ká gbogbo ilẹ̀ yàrá. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀: òwe mẹ́ta, oríkì rẹ̀ ní àárín. Òwe àkọ́kọ́ kò tíì délé tó fi ní, "Bàbá mi, kí lẹ ṣe?"

"Omi ni."

"Mélòó?"

"Ààbọ̀ garawa."

Ó mú kálámù, ó ṣírò. Ó tún un ṣírò. Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń bá táyà jà. Táyà kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀! Omi àpọ̀jù ló sọ símẹ́ǹtì di ọ̀lẹ. Ẹ ò bá kúkú sọ fún mi pé ó gan." Ó bínú. Ó yẹ kó bínú. Mo tọrọ àforíjì — bàbá lọ́wọ́ ọmọ. Kò pa mí.

Ó dá ẹjọ́ tirẹ̀: a ó po òmíràn lọ́la, èmi ni yóò ṣọ́ omi. Ọmọ Adájọ́ lóòótọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo jókòó lórí àgbá omi bí ọba. Agolo kan ni a fi ń wọn omi; iye rẹ̀ kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Ariwo ní òun fẹ́ fọ ọwọ́. Mo ní kó fi yanrìn fọ̀ ọ́.

"Ha, Bàbá! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ da omi lọ́jọ́sí náà lẹ di ọlọ́pàá omi?"

Mo ní olè tó ronú pìwà dà ló ń ṣọ́ ilé jù.

Àpòpọ̀ tún gan. Ọwọ́ mi yún mi. Ìyá Táyà fi ọ̀pá irin lé mi lọ́wọ́: "Ẹ gún un, Bàbá mi. Ẹ má fomi bọ́ ọ." Mo gún un. Ó jókòó dáadáa, táyà kankan kò léfòó. Ogójì ọdún — mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Àyẹ̀wò ọjọ́ keje kọjá àmì tí a ń retí! Mo ń sáré lọ sọ fún Adájọ́, n kò lè kọ jù báyìí lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n: àyẹ̀wò ìkẹyìn. Ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, ó kọjá àmì kó tó ya — síbẹ̀ kò tú ká. Táyà di òkúta mú bí ọmọ ìyá. Ọ̀gá ilé ìwé fọwọ́ sí ìwé. Ariwo kígbe tó bẹ́ẹ̀ tí kíláàsì mẹ́ta sá jáde.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù karùn-ún

Wọ́n ṣí ọgbà eré. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀. Mo yin ọ̀gá ilé ìwé, mo yin Ariwo, mo yin ọkùnrin yàrá àyẹ̀wò. Nígbà tí mo dé orí ọmọ mi, mo fà sẹ́yìn kí n lè na ọwọ́ dáadáa — mo tẹ etí agbádá mi. Gbì! Mo fìdí lélẹ̀ níwájú gbogbo ayé. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ara àyẹ̀wò ni.

Ìyá Táyà fà mí dìde. Ó ti mú kálámù. "Bàbá mi, kí ni kí n kọ?"

Ìdí ń ta mí díẹ̀. N kò ní purọ́. Mo ní kó kọ ọ́ pé ilẹ̀ gba àgbàlagbà kan, ó sì dá a padà láìdín.

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé garawa omi wá kí n fi fọ ọwọ́. Ariwo dákẹ́ — àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Gbogbo wọn ń wò mí.

Mo bèèrè pé, "Agolo mélòó ni kí n bù?"