Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Fi Ń Wá Àṣìṣe

Ìyá Síkírù,

Èmi Yẹ̀kínì ọkọ rẹ ni mo ní kí wọ́n bá mi kọ èyí láti Ìlú Ọba. Ara mi le.

Ọpọlọ kọ̀ǹpútà tuntun ni wọ́n ń ṣe níbi tí mo ti ń gbálẹ̀, ó sì ń ṣìṣe. Àgbà kan nínú wọn ní kí wọ́n fi gílóòbù iná kéékèèké sí i lára, kí ọpọlọ náà máa ṣiṣẹ́ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè rí ibi tó ti ń kọsẹ̀. Ọ̀gá kọ̀, ẹ̀rọ ńlá olójú bíi tẹlifíṣọ̀n ló wù ú. Bí wọ́n bá so ẹ̀rọ náà mọ́ ọpọlọ ọ̀hún, ara rẹ̀ á yá; bí wọ́n bá tú u, á tún máa ṣìṣe. Mo ní, "Ọ̀gá, ohun tí ẹ fi ń wá àìsàn yìí ló ń fi í pa mọ́."

Ọmọ tí mo lè bí ni ọ̀gá ọ̀hún! Ó ní, "Yẹ̀kínì, ìwé mélòó lo kà?" Ó ní ìgbálẹ̀ mi ló ń gbọn wáyà. Ó rí mi lára, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tutọ́ sórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.

Wọ́n ní kí n máa sinmi nílé láti oṣù tó kọjá. Mi ò ní bẹ̀ wọ́n. Ẹ má retí mi ní Iléyá. Iṣẹ́ ló dí mi lọ́wọ́.

Bá mi kí Bàbá kú iṣẹ́ oko. Ẹni tó bá béèrè mi ní Ayépé, sọ fún un pé Ìlú Ọba gbà mí.