Ọ̀dà Funfun Tí Wọ́n Fi Bo Ògiri Rẹ

Òkun o, Bámigbóyè, àbúrò mi. Ọdún mẹ́ta rèé tí o fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta! Èmi Lois, ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí. Àwọn tó kù nínú ẹbí kò bá mi dá sí ìrántí yìí, èmi náà kò sì bẹ̀ wọ́n. Inú ń bí mi. Kí n má purọ́ fún òkú: ohun tí wọ́n ṣe kó mi nírìíra débi pé mi ò lè bá wọn jẹun nínú abọ́ kan náà mọ́.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn. Tiwalọlá ọmọ rẹ ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Eyín iwájú rẹ̀ ti yọ, òmíràn ti hù, ó sì ń fi wọ́n jẹ ẹ̀pà bí ọ̀kẹ́rẹ́. Rhoda ìyàwó rẹ ti kan páànù sórí ilé tí o bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti kó wọ ibẹ̀. Obìnrin náà gbìyànjú, Bámigbóyè, kò dójú tì ọ́.

Káfè, ilé tí wọ́n ti ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì, ti dé Kàbà báyìí! Ó ti dé o! Ìwọ tí ò ń wọ mọ́tò lọ Lọ́kọ́jà ní gbogbo Sátidé nígbà tí ìpínlẹ̀ Kogí ṣì jẹ́ tuntun, tí eruku ọ̀nà á bò ọ́ bí ẹni tó ti inú àpò fúláwà jáde, kí o tó rí kọ̀ǹpútà jókòó sí. Ká ní o wà, ẹsẹ̀ ni ìwọ ìbá máa fi rìn lọ síbẹ̀.

Sinimá kan ló fa gbogbo rẹ̀. Ṣé o rántí májìgì, ọkọ̀ ìjọba tó máa ń gbé sinimá kiri ìlú nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ ìjọba Àríwá? Ó dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ kan, ó fi sinimá àtijọ́ àwọn ará Japan hàn wá, funfun àti dúdú lásán. A ò gbọ́ èdè wọn. Bàbá atukọ̀ kan ló ń dúró de ọmọbìnrin rẹ̀ létí odò títí irun rẹ̀ fi hewú. Àwọn ẹgbẹ́ wa sùn lọ. Ìwọ sunkún délé, ìyá wa rò pé ẹnì kan ló lù ọ́.

Ọdún lọ, ọdún bọ̀, o di olùkọ́ àwòrán yíyà, o sì rí àwọn mìíràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí sinimá kan náà ti pa lẹ́kún. Nọ́ọ̀sì kan ní Brazil. Bàbá kan ní Japan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí rélùwéè. Ọmọbìnrin kan tó ń kàwé ní India. Ẹ kò fojú kan ara yín rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kì í tán lẹ́nu rẹ. Nítorí wọn lo ṣe ya sinimá náà sára ògiri pálọ̀ ilé ẹbí wa, láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé. O ya bàbá atukọ̀, o ya odò, o wá gbé òkè Kàbà sẹ́yìn odò àwọn ará Japan! O ya fọ́tò rẹ̀, o fi ránṣẹ́. Bàbá rélùwéè kọ̀wé pé òkè yẹn yẹ odò náà ju ohun tó wà nínú sinimá lọ. Ayọ̀ náà kò jẹ́ kí o jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Wàyí o, Philip, àbúrò bàbá wa. Nígbà tí o wà láàyè, gbájú-ẹ̀ ló ń pè ọ́. Ó ní ta ló ń bá òyìnbó tí kò mọ̀ rí ṣọ̀rẹ́ bí kò ṣe olè. Àìsàn mú ọ lọ. Òkú rẹ ṣì wà ní mọ́ṣúárì nígbà tí Philip ti ra ọ̀dà funfun. Wọ́n máa ń kun ilé de òkú, àṣà wa ni, mi ò bá àṣà jà. Ṣùgbọ́n ó gbé ọ̀dà wọ pálọ̀! Ó ní kí àwọn àlejò má baà rò pé abọ̀rìṣà ni wá.

Mo ti ọjà tí mo ti lọ ra ata òkú rẹ dé, mo bá ògiri ní funfun báláú. Bàbá atukọ̀ ti lọ. Odò ti lọ. Òkè Kàbà ti lọ. Inú òórùn ọ̀dà tútù yẹn ni wọ́n tẹ́ ọ sí, àwọn àlejò sì ń yìn ín pé ilé mọ́. Ó mọ́! Tùẹ̀!

Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Philip kan náà ló ṣe alimánáàkì ìrántí rẹ lọ́dún kejì. Fọ́tò tirẹ̀ tóbi ju tìrẹ lọ. Ó dé fìlà, ó rẹ́rìn-ín, ìwọ wá wà ní igun ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ṣèèṣì kọjá. Ṣìọ̀!

Lọ́dún yìí ni mo lọ sí káfè, mo kọ̀wé sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Wọn ò mọ̀ pé o ti kú. Wọ́n rò pé wọ́n ṣẹ̀ ọ́ ni! Wọ́n sunkún, Bámigbóyè. Gbogbo fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tẹ̀ wọ́n ní ńlá, wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi: odò ti Brazil dé, atukọ̀ ti Japan dé, òkè Kàbà ti India padà wálé.

Philip gbọ́, ó sáré dé. Ó fẹ́ fi wọ́n kọ́ sára ògiri tó kùn, kó pe alága ìjọba ìbílẹ̀, kó sọ pé òun ló kọ́kọ́ ra pẹ́ńsù fún ọ. Ẹnu tó pe iṣẹ́ rẹ ní òrìṣà! Ó ti háyà kánópì. Mo ní màá kó wọn wá, kó ṣáà kọ́kọ́ dìde láàárín àlejò, kó sọ ẹni tó kun ògiri. Ó ní òun ò lè dójú ti ara òun nítorí àwòrán. Ó ní bí mi ò bá kó wọn wá, kò sí àdúrà ìrántí. Mo ní kó má sì sí.

Nítorí náà wọ́n ká kánópì. Ẹbí ní mò ń fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá mi. Pálọ̀ Rhoda ni àwọn àwòrán náà wà. Ọmọ India fi díìsìkì sinimá ránṣẹ́ pẹ̀lú, gbogbo wa á wò ó lónìí, oníkálukú nílùú tirẹ̀, ní orúkọ rẹ.

A ṣì ń ṣàárò rẹ, Bámigbóyè. Ojoojúmọ́ ni. Wọ́n ní kí n dárí ji Philip, wọ́n ní ìbínú mi ti pọ̀ jù fún ọ̀dà lásán. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí kì í bá ṣe pé mo fẹ́ràn rẹ, ọ̀dà lásán ni ì bá jẹ́ lójú mi.