Màmá, Ẹ Má Ta Ilẹ̀ Nítorí Àárẹ̀ Bọ́sẹ̀

Màmá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú àìfojúrinjú. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Káyọ̀dé, mo kí àwọn àbúrò bàbá mi. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn ìjọ, kí gbogbo ẹni tó ń gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ta ilẹ̀ lè bá yín kà á.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án sẹ́fà, owó ilẹ̀ àjèjì tí a wà yìí, ni mo rí gbà lóṣù yìí nídìí ilé tí mò ń kùn ní Akanda. Ọgọ́ta lọ fún owó yàrá wa ní àdúgbò Venez-Voir, ọgọ́rin fún oògùn, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún tasí, ogún fún oúnjẹ. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ló kù. Òjò sì ti dá iṣẹ́ dúró.

Màmá, ìyàwó mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n ti gé kókó jẹjẹrẹ kúrò lọ́mú Bọ́sẹ̀, oògùn sì ń lọ, ṣùgbọ́n àárẹ̀ yìí kò lọ. Á sùn títí; tó bá jí, àárẹ̀ rẹ̀ á ju ti ìgbà tó sùn lọ. Tó bá fọ abọ́ méjì, á jókòó. Lọ́jọ́ Àìkú tí ẹ pè, ó ní òun gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí yín. Mo ní ẹ kò kúkú rí i lórí fóònù. Ó ní òun rí ara òun. Ó kúnlẹ̀, kò sì lè dìde. Èmi ni mo gbé e. Ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kó tó dá yín lóhùn. Ẹ bi mí bóyá ó ń bínú. Kò bínú, Màmá. Èémí ló ń wá. Ẹ bá mi sọ fún un pé kó máa jókòó kí yín. Kò gbọ́ tèmi.

Ní ti ìtọ́jú tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ nípa rẹ̀, mo bi dókítà. Ó ní òótọ́ ni. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n á ṣa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àìsàn jà nínú rẹ̀, wọ́n á sìn wọ́n títí wọn á fi pọ̀, wọ́n á wá dá wọn padà sára aláìsàn. Àwọn kan ní àárẹ̀ àwọn fúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń dán an wò ni, kò sí nílẹ̀ yìí, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà.

Mílíọ̀nù mẹ́tàlá sẹ́fà ni ilé ìwòsàn òkèèrè tí ẹ̀gbọ́n mi kọ̀wé sí ń gbà. Nígbà tí a kọ́kọ́ béèrè, mílíọ̀nù márùn-ún náírà tí wọ́n fẹ́ fi ra ilẹ̀ yín jẹ́ ìdajì rẹ̀. Náírà já wálẹ̀. Lónìí, owó kan náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà. Tí ẹ bá tà á, ẹ kò ní nílẹ̀ mọ́, Bọ́sẹ̀ kò sì ní rí ìtọ́jú.

Òun gan-an ní kí ẹ má ta ilẹ̀, pé tí òun bá kú, ẹ ṣì máa nílò iṣu tí ẹ máa gún fún àwọn tó bá wá bá yín kẹ́dùn. Òun ló rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rín in. Kò sí ẹbí kankan níbí tó lè bá mi jókòó tì í, n kò sì mọ ohun tí mo tún lè ṣe.

Ọlọ́run á dá yín sí, kò ní jẹ́ kí ẹ fojú rí ikú ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Túndé.

Ilé ìwòsàn ní kí n san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà sẹ́fà kí wọ́n tó fún un ní oògùn tó kàn. N kò tíì san án.